Sípáníìṣì Wo Ni Màmá Wálé Yóò Kọ́?

Àjíkẹ́ ti bí ọmọ mẹ́rin, ó ti sin ọkọ kan, ó ti ta ẹja láti ọjà Baga Road ní Maiduguri dé Ìbàdàn fún ogún ọdún, kò sì sí ẹni tó wí fún un rí pé kò mọ ọmọ tọ́jú. Àfi ní Sátidé kan nínú oṣù kẹta, nígbà tí ooru Maiduguri mú débi pé àwọn ewúrẹ́ ń bá èèyàn du ibòòji, tí ọmọ rẹ̀ Oyèwálé pè é láti Malábò, ìlú àwọn tó ń sọ Sípáníìṣì, lórí erékùṣù níwájú Kalabá lọ́hùn-ún.

"Màmá, ìyá ìyàwó mi ò gbà."

"Kò gba kí ni?"

"Kí Motúnráyọ̀ wá lo ọlidé lọ́dọ̀ yín."

Motúnráyọ̀ ni ọmọ Oyèwálé, ọmọ ọdún méje. Malábò ni wọ́n bí i sí, Sípáníìṣì nìkan ló sì gbọ́. Àjíkẹ́ kò fọwọ́ kàn án rí. Orí fóònù ni wọ́n ti ń rí ara wọn: ọmọ a juwọ́, ìyá àgbà náà a juwọ́, ọmọ a sọ ohun kan, ìyá àgbà a rẹ́rìn-ín, ìyẹn náà a rẹ́rìn-ín, kò sì sí èyí tó mọ ohun tó ń pa èkejì lẹ́rìn-ín. Nítorí pé àtọkọ àtìyàwó ló ń ṣiṣẹ́, ọ̀dọ̀ ìyá ìyàwó ni ọmọ náà ń gbé. Theresa lorúkọ obìnrin náà. Ọ̀gá ilé-ìwé ni kó tó fẹ̀yìn tì, ó sì jọ pé kò tíì fẹ̀yìn ti àṣẹ pípa.

"Wọ́n ní tí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n ọmọ, ta ni yóò sọ fún?"

"Èmi ni yóò sọ fún. Ṣé ìyá tìẹ ò mọ ìtọ̀ ni?"

"Ẹ ò gbọ́ Sípáníìṣì, Màmá."

"Kó bá mi sọ pijin. Àbí wọn kì í sọ pijin ní Malábò?"

"Wọ́n ń sọ ọ́ lọ́jà, ó sì fẹ́ jọ tiwa. Ṣùgbọ́n Màmá Theresa ò jẹ́ kó wọ ilé, ọmọ yìí ò gbọ́ ọ. Èmi náà ò lè dúró máa túmọ̀ fún yín, lọ́jọ́ kẹta ni n óò padà síbi iṣẹ́. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ àwọn, kó fi ẹnu ara rẹ̀ tọrọ rẹ̀. Tí oṣù karùn-ún bá parí tí kò bá ṣeé ṣe, ó di ọdún mìíràn."

Ọdún mìíràn. Àjíkẹ́ ti di ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin. Ẹni tó bá dàgbà tó bẹ́ẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ ọdún mìíràn bí ẹni pé ó ti so ó mọ́ ìdí aṣọ.

"Sọ fún àna mi pé mò ń bọ̀," ó ní. "Mo ti bímọ méjì kí n tó kọ́ Hausa. Kí ni Sípáníìṣì fẹ́ fi mí ṣe?"

Àdúgbò Fori ní Maiduguri ni ilé Àjíkẹ́ wà, ilé tí ọkọ rẹ̀, ọlọ́pàá ará Ògbómọ̀ṣọ́, kọ́ nígbà tí wọ́n kúrò ní báráàkì. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n sí Màmá Wálé. Ó sanra débi pé àwọn oníkẹ̀kẹ́ Nápép a máa bá a ṣàwàdà pé kó sanwó ẹni méjì, òun náà a sì gbà fún wọn, á ní ìdí òun ló jókòó sí àyè kejì. Bùnmi, ọmọ ọmọbìnrin rẹ̀, tó ń kọ́ nípa oògùn ní yunifásítì, ló ń bá a gbé. Lábẹ́ igi dógóyárò iwájú ilé ni Bùnmi ti tẹ fóònù rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, tó ń wá ibi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní Sípáníìṣì.

"Màmá, ti ibo lẹ fẹ́?"

"Ti ibo báwo?"

"Ti Sípéènì wà, ti Mẹ́síkò wà. Fóònù ní kí n mú ọ̀kan."

"Ṣé iṣu ni? Mo ní mo fẹ́ kọ́ Sípáníìṣì, o ń ṣa oríṣi fún mi."

"Haba, Màmá. Ṣé bí Èkìtì ṣe ń sọ Yorùbá ni Ìjẹ̀bú ń sọ ọ́?"

Àjíkẹ́ rò ó. "Rárá o. Ìjẹ̀bú kan fẹ́ fẹ́ mi nígbà èwe mi, ẹ̀rín ni mo kàn ń rín sí gbogbo ohun tó ń wí. Bóyá ó ti dá ọjọ́ ìyàwó pàápàá tí n ò mọ̀."

Ti Mẹ́síkò ni Bùnmi fẹ́, torí pé òun ni àwọn ọmọbìnrin yunifásítì wọn ń gbọ́ nínú fíìmù tí wọ́n ń wò. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní ti Kòlóńbíà ló yé èèyàn jù. Níbi tí wọ́n ti ń jiyàn rẹ̀ ni Ọládiípọ̀, aládùúgbò wọn, ti yà sọ́dọ̀ wọn. Tíṣà ni wọ́n ń pè é. Ó fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ àwọn ọmọ ní Faransé. Sípáníìṣì náà, ó kọ́ ọ fún ọdún kan nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, ìwé pupa tó fi kọ́ ọ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ di òní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ikán ti jẹ etí rẹ̀ kan.

"Màmá Wálé, ẹ má jẹ́ kí ọmọ yìí ṣì yín lọ́nà," ni Tíṣà wí. "Sípéènì ni orísun. Ẹni tó bá mọ orísun kì í lọ bu omi mu nísàlẹ̀ odò."

"Ti Malábò fúnra rẹ̀ ńkọ́?" Bùnmi bi í.

Tíṣà fi imú rẹ́rìn-ín. "Ìyẹn ni ìsàlẹ̀ odò tí mò ń wí."

Ká má parọ́, ìgbéraga ló bá Àjíkẹ́ yàn. Ó ti rí ara rẹ̀ tó ń fi ẹnu àwọn ọba Sípéènì bá ọ̀gá ilé-ìwé sọ̀rọ̀, tí ìyẹn sì ń sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé ìyá ọkọ ọmọ òun mà kàwé o. Ó ní ti Sípéènì ni òun mú.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni Tíṣà fi ń wá lálaalẹ́ pẹ̀lú ìwé pupa. Ọkùnrin kan ló wà nínú ìwé náà. Yóò sọ̀ kalẹ̀ nínú rélùwéè, yóò wá òtẹ́ẹ̀lì, yóò ní òun fẹ́ yàrá tó ní balùwẹ̀ fún ọjọ́ méjì, lẹ́yìn náà yóò lọ wo ibi tí wọ́n ti ń bá màlúù jà. Àjíkẹ́ kò wọ rélùwéè láti ìgbà tí ti Maiduguri ti dákẹ́, òun àti màlúù kò sì ní ìjà, àyàfi èyí tó bá wà nínú ìkòkò. Síbẹ̀ ó kọ́ ọ.

"Tíṣà, báwo ni wọ́n ṣe ń sọ pé ẹ kú ooru?"

"Wọn kì í sọ ọ́."

"Ẹ kú ìjókòó ńkọ́?"

"Kò sí."

"Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ?"

"Màmá Wálé, ẹ káàárọ̀, ẹ káàsán, ẹ káalẹ́. Ó tán."

"Ó tán? Kí ni wọ́n wá ń sọ títí oúnjẹ fi ń jiná?"

Nígbà tí oṣù kẹrin ń parí lọ, Oyèwálé ní kí wọ́n dán an wò. Bùnmi fi fóònù ti fúláàsì lórí tábìlì, Theresa sì yọ: irun funfun tí wọ́n gé mọ́lẹ̀, awò ojú tó so mọ́ ọrùn. Bí Àjíkẹ́ ṣe rí ojú àna báyìí, eékún rẹ̀ kò dúró gba àṣẹ. Ìyá ìyàwó ọmọ ẹni, èèyàn kì í dúró kí i. Ó kúnlẹ̀ gbì. Ó ń kí i lọ nílẹ̀ níbẹ̀ ní Yorùbá, kò sì mọ̀ pé ògiri àti kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ni Theresa ń wò. Nígbà tó fọwọ́ ti tábìlì dìde, Theresa bi í ní ohun kan lẹ́ẹ̀kan, ó tún un bi. Àjíkẹ́ wá inú orí rẹ̀ títí. Ọkùnrin inú ìwé ló bá níbẹ̀. Ó la ẹnu, ó sì sọ ọ́ geerege, bí Tíṣà ṣe kọ́ ọ.

Theresa na ìka síwájú. Fóònù kú.

Oyèwálé pè padà. "Màmá, àlàáfíà yín ni wọ́n bèèrè. Ẹ bá wọn tọrọ yàrá tó ní balùwẹ̀."

"Ọjọ́ mélòó ni mo ní?"

"Ọjọ́ méjì."

Àjíkẹ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, Bùnmi náà di ikùn mú. Ṣùgbọ́n Oyèwálé kò rẹ́rìn-ín.

"Wọ́n ní ẹ rí àwọn, ẹ dìde, ẹ jáde lọ, ó tó ìṣẹ́jú kan kí ẹ tó padà. Wọ́n ní ẹni tó ń já èèyàn jù sílẹ̀ báyìí, yóò já ọmọ jù sílẹ̀. Wọ́n ní àwọn yóò tún gbọ́ yín lẹ́ẹ̀kan sí i ní Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù karùn-ún. Ìyẹn náà ló kẹ́yìn."

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu Àjíkẹ́. Òun tó wó lulẹ̀ tán láti fi ọ̀wọ̀ hàn ni wọ́n ń pè ní ẹni tó sá lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ ra ẹja ní Baga Road lọ́wọ́ Àsíátù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ogójì ọdún, obìnrin Kànúrí tó ń ta bándà, ẹja tí wọ́n fi èéfín gbẹ. Hausa ni wọ́n jọ ń sọ. Ó ro gbogbo rẹ̀ fún un láti orí títí dé ìdí.

Àsíátù ń to ẹja lọ. "Ìwé lo tún lọ gbé? Ṣé o rántí ọjọ́ tí o kọ́kọ́ wá síbí?"

Àjíkẹ́ rántí. Ọkọ rẹ̀ ló ra ìwé Hausa kan fún un ní Kàdúná, ó há a sórí, ó wá síwájú ìsọ̀ Àsíátù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

"Bí ẹni tó ń ka ìròyìn lórí rédíò lo ṣe kí mi," ni Àsíátù wí. "Ọ̀rọ̀ rẹ ò lábùkù kankan. Nígbà tí mo wá dáhùn, tí mo fi tiwa dáhùn, o dúró bí òpó. Ẹja fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹrà kó tó yé ọ iye tí mo pè é. Ta ló wá kọ́ ọ?"

"Ìwọ ni."

"Èmi ni. Kí ló dé tí o fi lọ ń wá ará Sípéènì? Ṣé Sípéènì ni ọmọ náà ń gbé? Yorùbá kan wà ní àdúgbò Custom, Sàlímọ́tù, ó ń ta àtàǹpá, àǹkárá yín yẹn, ó ń ránṣọ. Malábò ló ti dé."

Àjíkẹ́ ra bándà ìlọ́po méjì, ó sì wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Custom láì dé ilé.

Sàlímọ́tù ń fi ẹsẹ̀ wa máṣíìnì nígbà tó wọlé. Ọmọ Òfà ni, ó sì lo ọdún mọ́kànlá ní Malábò. Ó gba bándà náà, ó gbóòórùn rẹ̀, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ títí tó fi tán.

"Ìyá, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín. Tí ẹ bá fi ti Sípéènì bá wọn sọ̀rọ̀, wọn yóò gbọ́, wọ́n ń gbọ́ ọ lórí tẹlifísàn. Ẹ̀yin ni ẹ ò ní í gbọ́ wọn. Ọmọdé kì í dúró wá ọ̀rọ̀ inú ìwé tí inú bá ń run ún. Ọmọ ọdún mélòó ni?"

"Méje."

"A ò ní í bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ káàárọ̀. Orí pípí la ó ti bẹ̀rẹ̀."

Báyìí ni Àjíkẹ́ di ọmọ ilé-ìwé ní Custom. Ìtọ̀, pípí lẹ́nu ọmọdé, ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ikùn, tí àwọn ọmọ ń pè ní bàrígà, òùngbẹ, ẹ̀rù ń bà mí, mo fẹ́ màmá mi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wọ inú ìkòkò: kòkó tí a ń sè jẹ, màlángà ni wọ́n ń pè é, ewé tíì tí Àjíkẹ́ gbìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi, kòntìrìtí ni ti Malábò, òun ni wọ́n ń fún ọmọ láàárọ̀. Kò sí ìkankan nínú wọn tí ọkùnrin inú ìwé pupa gbọ́ rí. Sàlímọ́tù á máa ránṣọ, á máa bi í bí ọmọ tó ń sunkún ṣe ń béèrè nǹkan, á fi ẹkún sí i, á sáré sọ ọ́, á gé ìdí ọ̀rọ̀ náà jẹ. Tí Àjíkẹ́ bá dákẹ́, máṣíìnì náà a dákẹ́, gbogbo ìsọ̀ a sì máa wò ó. Kò pẹ́ tí àwọn oníbàárà Hausa náà fi ń dá a lóhùn. "Mama, bàrígà!" ni alágbàfọ̀ òdìkejì fi ń kí i láàárọ̀, òun náà a lu ikùn rẹ̀ dáhùn.

Tíṣà gbọ́, inú rẹ̀ ò dùn. "Màmá Wálé, Sípáníìṣì ìsọ̀ aṣọ?"

"Tíṣà, ẹ ṣeun fún orísun yín. Ṣùgbọ́n ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ, ibi tí ìkòkò wà ló ń lọ."

Nígbà tí Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù karùn-ún pé, Bùnmi gbé fúláàsì kúrò, ó sì gbé fóònù sórí àpótí ìdáná, nílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Màmá, Sàlímọ́tù ní wọn kì í kúnlẹ̀ fún àna níbẹ̀. Ẹ jókòó sórí àga."

"Bóo bá so mí mọ́ àga, èmi pẹ̀lú àga la ó jọ kúnlẹ̀."

"Mo mọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé fóònù sílẹ̀. Kí wọ́n kúkú rí yín."

Theresa yọ. Àjíkẹ́ kúnlẹ̀, lójú rẹ̀ báyìí, orí, àyà, eékún, gbogbo rẹ̀. "Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ," ó sọ ọ́ ní Yorùbá, torí pé kò sí ibòmíràn tí wọ́n ní in. Lẹ́yìn náà ó fi ti Malábò sọ pé òun dúpẹ́ nítorí ọmọ. Theresa bọ́ awò ojú, ó nù ún, ó tún un fi sójú. Ó ní kó dìde. Àjíkẹ́ gbọ́ ọ. Ó fẹ́ dìde, eékún kọ̀. Ó fi ọwọ́ kan ti ilẹ̀, ìdí rẹ̀ gba òkè lọ, ìró bẹ̀rẹ̀ sí í tú, ó fi ọwọ́ kejì gbá ìró mú, ilẹ̀ bá lọ. Bùnmi dì í mú lábẹ́ apá, ó ń fà á bí ẹni tó ń fa ọkọ̀ inú ẹrẹ̀. Nígbà tó máa gbé ojú sókè, Theresa ti fọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì.

Ṣùgbọ́n ọ̀gá ilé-ìwé ni. Ó tún ojú ṣe. Ó bèèrè ohun tí ọmọ yóò mu láàárọ̀. Àjíkẹ́ na ọwọ́ sẹ́yìn, ó gbé ìdì ewé tíì kan tó já lówùúrọ̀ ọjọ́ náà, ó mì ín síwájú fóònù. "Kòntìrìtí." Oúnjẹ ńkọ́? Màlángà, ẹja, ìrẹsì. Theresa mi orí pé ó dára. Lẹ́yìn náà ló bèèrè èyí tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn gan-an. Ó ní òun ń gbọ́ ìròyìn ìbọn àti bọ́ǹbù Maiduguri. Ó ní ṣé ìlú yẹn kò ní í pa ọmọ òun?

Sàlímọ́tù ti mọ̀ pé yóò bèèrè ìyẹn, ó sì ti kọ́ Àjíkẹ́ ní ọ̀rọ̀ gígùn kan tó dára. Ọ̀rọ̀ náà fò lọ. Àjíkẹ́ kò wá a. Ó dúró síwájú fóònù, ó yí po díẹ̀díẹ̀ kí Theresa lè rí i láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì lu ìbàdí rẹ̀ pàà.

"Ibí," ó ní. "Ogójì ọdún. Gọ́dà."

Gọ́dà ni obìnrin tó sanra. Awò ojú Theresa já bọ́. Ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ń rìn ní ìgàgà, ó ń lu apá àga, ó dìde pẹ̀lú, ó lu ìbàdí tirẹ̀ náà, tó jẹ́ ìbàdí gidi, tí ẹnikẹ́ni kò fi ojú rí láti ọjọ́ yìí torí pé orí nìkan ló ń yọ. Àwọn ìyá méjèèjì dúró bẹ́ẹ̀, wọ́n ń fi ìdí han ara wọn lórí òkun.

Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, Theresa pe Motúnráyọ̀, ó sọ ọ̀rọ̀ sí i létí. Ọmọ náà sún mọ́ fóònù, ó di itan pọ̀, ó fún ojú pọ̀, ó sáré sọ ohun kan pẹ̀lú ẹkún èké, ó gé e jẹ, bí àwọn ọmọ Malábò ti ń gé e jẹ.

Bùnmi wo ìyá rẹ̀ àgbà.

"Pípí?" ni Àjíkẹ́ wí. "Ó yá, ó yá. Wá, di ọwọ́ mi mú. Má ṣe é sára o." Gbogbo rẹ̀ pátá ní Sípáníìṣì, kò sì mọ ìgbà tó kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Ẹkún èké di ẹ̀rín. Ọmọ náà yíjú sí ìyá rẹ̀ àgbà ti ibẹ̀ yẹn, ó ní, ó gbọ́ mi, ó gbọ́ mi. Èyí náà yé Àjíkẹ́.

"Ẹ ń sọ̀rọ̀ bí àwọn obìnrin ọjà wa," Theresa wí fún un.

"Obìnrin ọjà ni mí."

"Oṣù keje," ni Theresa wí. "Ó lè wá."

Ìró ìlù kan kò dún ní Fori lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n Àjíkẹ́ jó. Ó jó láti yàrá dé abẹ́ dógóyárò, ó jó dé ojú títì, ó dá kẹ̀kẹ́ kan dúró, ó ní kó gbé òun lọ sí Custom, òun yóò sanwó ìdí méjèèjì.

Òjò kejì oṣù keje ti rọ̀ nígbà tí Oyèwálé mú ọmọ dé. Ó lo ọjọ́ méjì, ó padà síbi iṣẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, Motúnráyọ̀ jókòó lábẹ́ igi, ó ti mu kòntìrìtí kọ́ọ̀bù méjì, nígbà tí Tíṣà dé pẹ̀lú ìwé pupa lábíyá. Ó tẹ orí ba, ó kí ọmọ náà ní Sípáníìṣì àwọn ọba, geerege. Ọmọ náà dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, torí pé ilé ọ̀gá ilé-ìwé ni wọ́n ti tọ́ ọ. Tíṣà wo Àjíkẹ́, ó mi orí bí ẹni tó ti jàre ẹjọ́ rẹ̀.

Ibẹ̀ ni Motúnráyọ̀ ti fò dìde, tó di itan pọ̀, tó sì fọ́n ọ̀rọ̀ kan jáde, kíá, àgéjẹ. Àjíkẹ́ ti gbéra kó tó parí rẹ̀. Kò sí ẹni tó rí i kó sáré bẹ́ẹ̀ rí ní Fori. Ó fi ọwọ́ kan di ìró mú, ó fi ìkejì di ọmọ mú, wọ́n yí ẹ̀yìn ilé bí ọkọ̀ tí kò ní bíréèkì.

"Kí ni ọmọ yẹn wí?" Tíṣà bi Bùnmi.

"N ò gbọ́ o, Tíṣà. Ti Mẹ́síkò ni mo kọ́."

Wọ́n dákẹ́, wọ́n ń retí. Láìpẹ́, ohùn Àjíkẹ́ jáde láti ẹ̀yìn ilé, gbogbo àdúgbò sì gbọ́ ọ:

"Bùnmi, bá mi pe Màmá Theresa ní Malábò. Sọ fún un pé pátá ọmọ gbẹ."